Òtítọ́ Kì Í Kùtà Lọ́jà Yìí: Bí A Ṣe Ń Ta Kọ́míìkì Àtijọ́ Láti Ṣàngó-Ọ̀tà

Ní ọdún 1975, iṣẹ́ kan bọ́ sọ́wọ́ ọ̀dọ́ ayàwòrán méjì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Dave Gibbons àti Brian Bolland, nígbà tí orúkọ wọn kò tíì kan ẹnikẹ́ni létí. Iṣẹ́ náà ni pé kí wọ́n máa ya kọ́míìkì kan tí a ó máa tà ní Nàìjíríà. Powerman lorúkọ akọni inú rẹ̀, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí agbára rẹ̀ ju ti ènìyàn lọ. Bí Gibbons bá ya ẹ̀dà kan, Bolland a ya èyí tó tẹ̀ lé e. Ọwọ́ àwọn fẹ́ńdọ̀ ilẹ̀ wa ni àwọn ọmọdé ti ń rà á.

Nígbà tó yá, Gibbons ya kọ́míìkì Watchmen, Bolland sì ya The Killing Joke tó dá lórí Batman ní 1988. Òkìkí àwọn méjèèjì kàn. Ní 1988 yìí kan náà ni wọ́n tún ìtàn Powerman tẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì yí orúkọ akọni náà padà sí Powerbolt. Ṣùgbọ́n àwọn akówèéjọ, ìyẹn àwọn tó ń ra ìwé àtijọ́ láti fi pa mọ́, kì í fi àtúntẹ̀ tẹ́ ọkàn wọn lọ́rùn. Àkọ́tẹ̀ ni wọ́n ń wá. Nàìjíríà ni wọ́n sì ti ta àkọ́tẹ̀. Bí èyí tó ṣẹ́kù bá wà níbì kan, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ abẹ́ ibùsùn, inú àpótí tàbí òkè àjà ilé ẹnì kan láàárín wa.

Ẹ wá dúró lábẹ́ afárá Ṣàngó ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo ohun tí alákàrà fi ń di àkàrà àti ohun tí ẹlẹ́pà fi ń pọ́n ẹ̀pà. Ìwé àtijọ́ ni. Bí bàbá kan bá kú, tí àwọn ọmọ bá ń palẹ̀ yàrá rẹ̀ mọ́, wọ́n á wọn ìwé rẹ̀ ní kílò fún àwọn tó ń ra páálí àti ìwé àlòkù, owó náà kò sì ní tó owó ọkọ̀ láti Ṣàngó dé Ìkẹjà. Báyìí ni ìwé tí ẹnì kan ń wá kiri ní òkè òkun ṣe ń gba òróró àkàrà lára níhìn-ín.

Àwọn àgbà máa ń sọ pé òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ọ̀rọ̀ náà bá ọ̀pọ̀ ọjà mu. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ fi hàn nínú àròkọ yìí pé ọjà kọ́míìkì àtijọ́ yàtọ̀: ẹni tó mọ ìwé rẹ̀, tó sì sọ gbogbo àbùkù ara rẹ̀ kí oníbàárà tó béèrè, ni ọjà rẹ̀ ń tà. Ibi yòówù tí ènìyàn ì báà pàtẹ sí, òfin yìí kò yí padà.

Ohun tó lè wà nínú àpótí yín

Kọ́míìkì ni ìwé tí àwòrán ń sọ ìtàn rẹ̀ ní ìpele-ìpele, tí ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá inú rẹ̀ sì wà nínú róbótó tí a yà sẹ́bàá orí wọn. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Awòrẹ́rìn-ín wà, tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ń tẹ̀ jáde fún àwọn ọmọ ilé ìwé. Ní 1967 ni Atọ́ka dé, tí Ṣẹ́gun Ṣófowótẹ̀ jẹ́ olóòtú rẹ̀. Fọ́tò ni Atọ́ka ń lò dípò àwòrán ọwọ́: àwọn ẹgbẹ́ eré orí ìtàgé bíi ti Oyin Adéjọbí àti ti Moses Ọláìyá Adéjùmọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ sí Bàbá Sàlá á ṣe eré, a ó ya wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣe é, a ó sì kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá sí i. Ọ̀pọ̀ eré ìgbà náà ni kò sí fídíò tó gbà á sílẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó bá ní Atọ́ka lọ́wọ́ lè ní ohun kan ṣoṣo tó kù nínú eré kan.

Ní ìparí àwọn ọdún 1960 sí ìbẹ̀rẹ̀ 1970, African Film ni àwọn ọ̀dọ́ ń kà, ìwé fọ́tò tí ilé iṣẹ́ Drum ń gbé jáde. Lance Spearman, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tó máa ń dé fìlà fẹ̀ǹfẹ̀ tó sì ń mu sìgá, ni olórí eré inú rẹ̀. Wọ́n ń tà á ní Èkó bí wọ́n ṣe ń tà á ní Accra àti Nairobi. Ìwé mìíràn tí ń jẹ́ Boom náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní 1976 ni Wálé Adénúgà gbé Ikebe Super jáde. Inú rẹ̀ ni Papa Ajasco ti jáde kí ó tó di ẹni tí gbogbo ilé ń wò lórí tẹlifíṣọ̀n láti 1996. Captain Africa tí Andy Akman dá sílẹ̀ dé ní àwọn ọdún 1980. Ẹ má sì gbàgbé kọ́míìkì Beano àti 2000 AD tí àwọn tó lọ kàwé ní ìlú Òyìnbó kó bọ̀ wálé sínú àpótí ẹrù.

Àwọn tuntun náà ń di àtijọ́ lójú wa. Ilé iṣẹ́ kọ́míìkì Comic Republic bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 2013. Roye Okupe gbé kọ́míìkì E.X.O. jáde ní 2015, nígbà tó sì di 2021, ilé ìtẹ̀wé Dark Horse ní Amẹ́ríkà bá ilé iṣẹ́ rẹ̀ ṣàdéhùn láti máa tẹ ìwé rẹ̀. Ẹni tó ra àkọ́tẹ̀ nígbà náà, tó sì tọ́jú rẹ̀, ti ní ohun tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ orúkọ náà ń wá.

Kí ló ń sọ ìwé kan di ọ̀wọ́n? Nǹkan mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ṣe é, bí ti Powerman. Ìkejì ni ipò rẹ̀ nínú ìtàn: ẹ̀dà kìn-ín-ní, tàbí èyí tí ẹ̀dá kan ti kọ́kọ́ fara hàn. Ìkẹta ni iye tó kù láyé. Ìkẹrin ni ìrántí, òun ló sì lágbára jù fún ìwé tiwa. Ọkùnrin tó ka Atọ́ka ní ilé ìwé mọ́dà, tó ti wà ní Houston tàbí Peckham láti ọgbọ̀n ọdún, kò ra bébà. Ọ̀sán ọjọ́ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ jọ dojú bo ìwé kan ṣoṣo ló ń rà padà.

Yíyẹ ìwé wò bí ẹni ń yẹ ẹran wò

Ẹni tó bá ti ra ẹran iléyá rí mọ̀ pé a kì í wo ìwo nìkan. A ó wo eyín, a ó wo ẹsẹ̀, a ó fọwọ́ tẹ ẹ̀yìn. Bẹ́ẹ̀ ni ti kọ́míìkì. Ẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ, ẹ tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì, kí ẹ wá máa yẹ̀ ẹ́ wò láti ìta wọnú.

Ẹ wo èèpo iwájú àti ti ẹ̀yìn: ṣé ó ya, ṣé ó ká, ṣé ẹnì kan kọ orúkọ sí i, ṣé àmì ife tíì wà níbẹ̀? Ẹ wo ẹ̀yìn ìwé níbi tí pínnì ti dè é: ṣé pínnì ti dípẹtà, ṣé ìpẹtà náà ti ràn mọ́ bébà? Ẹ ka ojú-ìwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ojú-ìwé kan tí ọmọdé gé láti fi lẹ ara ògiri ti ba ìwé náà jẹ́ ju kí èèpo rẹ̀ ya lọ, nítorí ìtàn kò pé mọ́. Ẹ wo àwọ̀ bébà: funfun, ràkọ̀ràkọ̀, tàbí pupa bí ewé gbígbẹ. Ẹ gbóòórùn rẹ̀ pẹ̀lú. Èbu kì í fara hàn kíákíá, ṣùgbọ́n imú máa ń mọ̀ ọ́n.

Láàárín àwọn akówèéjọ ní Amẹ́ríkà, máàkì ni wọ́n ń fún ipò ìwé, láti 0.5 fún èyí tó ti fà ya pátápátá títí dé 10 fún èyí tó dà bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lẹ́nu ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Láti ọdún 2000 ni ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ CGC ti ń ṣe iṣẹ́ yìí fún owó: wọ́n á gba ìwé, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n á fún un ní máàkì, wọ́n á sì tì í mọ́ inú ike líle. Ohun tó dára ni fún ìwé olówó iyebíye, ṣùgbọ́n owó ìyẹ̀wò náà àti owó àlọ àti àbọ̀ lè ju owó Ikebe Super mẹ́wàá lọ. Ẹni tó wà ní Ọ̀tà kò nílò rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ìwé wa. Ohun tó nílò ni ojú tó mú àti ẹnu tó lè sọ ohun tí ojú rí.

Kí ikán má ṣe jẹ́ oníbàárà àkọ́kọ́

Bébà tí wọ́n fi ń tẹ kọ́míìkì àtijọ́ kì í ṣe bébà olówó ńlá. Igi lílọ̀ tí a kò fọ dáadáa ni wọ́n fi ń ṣe é, ohun tó ń jẹ́ lígínì ṣì wà lára rẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ àti ìmọ́lẹ̀ bá ti kan lígínì yìí, ó máa ń sọ bébà di pupa, á sì máa ṣẹ́ bí ìpékeré. Ooru àti ọ̀rinrin ń mú un yára. Ọ̀tà kò sì ṣaláìní méjèèjì: láti oṣù kẹrin títí dé oṣù kẹwàá ni òjò ń bá wa ṣeré, ògiri á máa làágùn, ikán á sì máa wá oúnjẹ kiri.

Ìtọ́jú rẹ̀ kò le. Ẹ kó ìwé kúrò nílẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kó fara ti ògiri. Ẹ fi ìkọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tó mọ́ gaara, kí ẹ fi páálí funfun pẹlẹbẹ tì í lẹ́yìn kó má baà ká. Ẹ tò wọ́n ní ìdúró bí ìwé inú pẹpẹ, ẹ má to wọ́n léra wọn bíi búrẹ́dì. Bí oòrùn bá mú, ẹ ṣí àpótí sílẹ̀ lábẹ́ òjìji kí afẹ́fẹ́ wọlé, ṣùgbọ́n ẹ má sá ìwé sóòrùn.

Ohun tí kò yẹ kí ẹ ṣe pọ̀ ju ohun tó yẹ lọ. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù lẹ ibi tó ya, nítorí gọ́ọ̀mù rẹ̀ á di pupa, á sì jẹ bébà wọnú. Ẹ má lo ike gbígbóná tí wọ́n fi ń bo sáṣífíkéètì. Ẹ má fi rọ́bà nu àmì bírò. Ẹ má gé etí tó ti bàjẹ́ kó lè gún. Àtúnṣe tí ọwọ́ òpè ṣe ń dín owó ìwé kù ju àbùkù tó fẹ́ tún ṣe lọ.

Ẹ̀rí pé ìtọ́jú ń pa owó wà. Action Comics kìn-ín-ní, tí Superman ti kọ́kọ́ jáde ní 1938, sẹ́ńtì 10 péré ni wọ́n tà á. Ẹnì kan rà á ní ìlú olókè kan ní West Virginia, ó fi í sínú àpótí igi kédárì, ibẹ̀ ló sì wà títí olúwarẹ̀ fi kú. Ní 2014, wọ́n ta ìwé yẹn lórí eBay, ọjà orí ayélujára kan, ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 3.2 dọ́là. Máàkì 9.0 ló gbà. Gbogbo ohun tí ẹni yẹn ṣe kò ju pé ó fi ìwé síbi tó gbẹ tó sì tutù, kò sì dà á láàmú.

Iye tí wọ́n pè é àti iye tí wọ́n tà á

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù lọ ni kí ènìyàn rí i pé ẹnì kan gbé irú ìwé tí òun ní sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 500 dọ́là, kó sì rò pé òun ti di olówó. Ẹnu kò ní àgádágodo. Ẹnikẹ́ni lè pe iye tó bá wù ú. Iye tí ẹni méjì fẹnu kò lé lórí, tí owó sì jáde lápò, ni iye ọjà.

Lórí eBay, ibi kan wà tí ènìyàn lè tẹ̀ láti rí àwọn ọjà tí wọ́n ti tà nìkan àti iye tí wọ́n tà wọ́n. Ibẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ wá ìwé kan náà tí ipò rẹ̀ sún mọ́ ti yín, ẹ kọ iye mẹ́ta tàbí mẹ́rin sílẹ̀, kí ẹ mú àárín wọn. Fún Atọ́ka tàbí Ikebe Super, ó ṣeé ṣe kí ẹ má rí púpọ̀, nítorí a kì í sábàá tà wọ́n níbẹ̀. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn akówèéjọ nínú àwọn ẹgbẹ́ orí Facebook, kí ẹ má sì béèrè lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, pàápàá bó bá jẹ́ òun náà ló fẹ́ rà á.

Àkókò pẹ̀lú ń yí iye padà. Ní 2024, ilé gbàǹjo Heritage ní Amẹ́ríkà ta ẹ̀dà mìíràn Action Comics kìn-ín-ní tí máàkì rẹ̀ jẹ́ 8.5 péré ní mílíọ̀nù 6 dọ́là, bẹ́ẹ̀ èyí tó dára jù ú lọ kò ju mílíọ̀nù 3.2 àti díẹ̀ lọ ní ọdún mẹ́wàá ṣáájú. Ẹni tí ebi kò bá pa kò gbọ́dọ̀ kánjú. Ṣùgbọ́n ẹni tí owó ilé ìwé ọmọ ń lé kò gbọ́dọ̀ máa retí ọdún mẹ́wàá mìíràn pẹ̀lú bébà tí ikán ń ṣọ́.

Ọjà orí ayélujára: èyí tó jìn àti èyí tó wà nítòsí

eBay tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1995 ni ọjà tó gbòòrò jù fún irú nǹkan báyìí. Ọ̀nà méjì la fi ń tà níbẹ̀. Ẹ lè dá iye kan lé ọjà kí ẹ máa retí ẹni tí yóò san án, tàbí kí ẹ fi í sí gbàǹjo fún ọjọ́ bíi méje, kí àwọn oníbàárà máa fowó lé ara wọn. Gbàǹjo dára nígbà tí ẹni méjì bá ń jà fún ohun kan. Bó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ló mọ Atọ́ka láyé lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀pọ̀ dọ́là lè di dọ́là kan. Fún ìwé tí a kò mọ̀ dáadáa lókè òkun, ó sàn kí ẹ dá iye lé e kí ẹ ní sùúrù.

eBay máa ń yọ owó tó tó ìdá 13 nínú 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú ohun tí ẹ bá tà. Bí ìwé bá tà ní 40 dọ́là, dọ́là márùn-ún àti díẹ̀ ti lọ nìyẹn kí a tó ra páálí tàbí san owó ìfiránṣẹ́. Ẹ tún gbọ́dọ̀ mọ ọ̀nà tí owó yóò gbà dé ọwọ́ yín. Nígbà tí PayPal wọ Nàìjíríà ní 2014, sísan owó jáde nìkan ló gbà wá láàyè láti ṣe, a kò lè fi gba owó nígbà náà. Nítorí náà, ẹ yanjú ọ̀rọ̀ báńkì kí ẹ tó pàtẹ. Ọ̀pọ̀ ń gba ọwọ́ ìbátan tó wà lókè òkun: wọn á kó ìwé ogún tàbí ọgbọ̀n fún un nígbà tó bá wá sílé, òun á sì máa tà wọ́n níbẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọ̀nà tó dára ni, nítorí owó ìfiránṣẹ́ á rọlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọ ìyá yín: iye ìwé, orúkọ ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti ìpín kóówá. Ìwé àdéhùn kì í ba ẹbí jẹ́. Àìkọ ọ́ sílẹ̀ ló ń bà á jẹ́.

Ibí yìí ni òtítọ́ ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Lábẹ́ òfin eBay, bí ọjà kò bá bá àpèjúwe rẹ̀ mu, oníbàárà lè dá a padà, kó sì gba owó rẹ̀. Ẹ rò ó wò: ẹ fi ọwọ́ bo ibi tó ya nínú fọ́tò, ìwé dé Chicago, oníbàárà rí i, ìwé sì ń padà bọ̀ lórí owó yín. Owó àlọ àti àbọ̀ á gbé èrè mì, á tún gbé ojú owó mì. Ẹni tó kọ̀wé pé “ojú-ìwé 12 ya ní ìsàlẹ̀” kò ní irú ìyọnu yìí láé.

Nítòsí ilé, Jiji wà láti 2014, ọ̀pọ̀ ará Ṣàngó sì mọ̀ ọ́n fún ọkọ̀, fóònù àti ilé. Àwọn tó ń wá kọ́míìkì níbẹ̀ kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba owó lọ́wọ́ ẹni tó bá fẹ́ pàtẹ ọjà díẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ orí Facebook ló dára jù fún ìwé tiwa, nítorí ibẹ̀ ni àwọn tó ní ìrántí ń pàdé. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp náà kò kéré: ẹ gbé fọ́tò èèpo Ikebe Super márùn-ún síbẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, ẹ ó sì rí i pé ẹ̀gbọ́n kan tí ẹ kò bá sọ̀rọ̀ láti ọdún mẹ́ta á béèrè iye rẹ̀.

Níbikíbi tí ẹ bá pàtẹ sí, fọ́tò ni ìsọ̀ yín. Ẹ yà á lójú ọ̀sán lẹ́bàá fèrèsé, láìtan iná fóònù: iwájú, ẹ̀yìn, ibi pínnì, ojú-ìwé àárín, àti gbogbo àbùkù ní ìsúnmọ́. Ẹ má ṣe lo ohun tó ń mú àwọ̀ dán. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ àpèjúwe bí ẹni ń ṣàlàyé fún afọ́jú: “Atọ́ka kan, nọ́ńbà àti oṣù rẹ̀ wà lára èèpo. Ojú-ìwé pé. Èèpo ẹ̀yìn ya díẹ̀ ní igun ọ̀tún. Pínnì kan ti dípẹtà. Wọ́n fi bírò kọ orúkọ sí ojú-ìwé kìn-ín-ní. Kò ní èbu, kò sì rùn.” Gbólóhùn mẹ́fà yìí á ta ìwé ju “ó ṣì dára gan-an” ọgọ́rùn-ún lọ.

Àwọn ọ̀nà mìíràn

Kì í ṣe dandan kí ènìyàn dá pàtẹ. Bí ìwé bá ṣọ̀wọ́n gan-an, ilé gbàǹjo bíi Heritage lè gbà á tà. Wọ́n mọ àwọn olówó tó ń wá a, wọ́n sì ń yọ ìpín tiwọn. Ṣùgbọ́n wọn kì í gba ohun kékeré, ó sì lè pẹ́ kí owó tó jáde.

Bí ìwé bá pọ̀ tí àyè kò sì sí, alárobọ̀ ni ọ̀nà tó yá jù. Á ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, á san owó lọ́wọ́, á sì gbé e lọ. Ẹ má bínú bó bá fẹ́ san ìdajì iye ọjà tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Òun náà ní láti tọ́jú rẹ̀, kó wá oníbàárà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó sì jèrè. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni kí ẹ mọ ìwé mẹ́ta tàbí mẹ́rin tó níye lórí jù nínú àpótí náà kó tó dé, kí ẹ yọ wọ́n sọ́tọ̀.

Láti 2012 ni Lagos Comic Con tí Ayọ̀délé Elegba dá sílẹ̀ ti ń kó àwọn ayàwòrán, òǹkàwé àti akówèéjọ jọ ní Èkó. Níbẹ̀, oníbàárà ń fọwọ́ kan ìwé, ń ṣí i, ń nájà ojú-ko-jú. Kò sí owó ìfiránṣẹ́, kò sì sí àríyànjiyàn lórí fọ́tò. Kódà ẹni tí kò fẹ́ tà lè ṣe pàṣípààrọ̀ níbẹ̀: Boom méjì fún African Film kan. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó yí wa ká ní Ọ̀tà, ní Covenant àti Bells, wà lára irú àwọn tó ń ka kọ́míìkì tuntun. Kí ló dé tí a kò lè bẹ̀rẹ̀ irú ìpàdé kékeré bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀tà fúnra rẹ̀, pẹ̀lú tábìlì mẹ́fà àti ọ̀sán ọjọ́ Sátidé kan?

Ọ̀nà ìkẹyìn ni ilé ìkàwé, nítorí àwọn kan nínú wọn náà ń kó kọ́míìkì jọ. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Michigan ní Amẹ́ríkà ní ọ̀kan nínú àkójọ kọ́míìkì tó tóbi jù láyé. Bí ẹ bá ní Atọ́ka tó tẹ̀ léra wọn láìfọ̀kan, ẹ rò ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó tú u ká. Odidi ọdún kan tó wà papọ̀ níye lórí fún ìmọ̀ ju ẹ̀dà 12 tó fọ́n káàkiri ilé 12 lọ. Ẹ fi í lọ ilé ìkàwé yunifásítì tó sún mọ́ yín kó tó di pé alárobọ̀ gbé e.

Owó kí ó dé, ìwé kí ó dé

Bí ẹni tó fẹ́ rà á bá wà nítòsí, ẹ pàdé ní gbangba, lójú ọ̀sán. Inú gbọ̀ngán báńkì sàn ju abẹ́ afárá lọ. Ẹ má gba àlẹ́ẹ̀tì orí fóònù gbọ́, torí àlẹ́ẹ̀tì ayédèrú pọ̀. Ẹ ṣí áàpù báńkì yín, kí ẹ rí owó nínú àpamọ́ yín, kí ìwé tó kúrò lọ́wọ́. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà àṣírí tí báńkì fi ránṣẹ́, ì báà ní òun fẹ́ fi sanwó ni.

Bó bá jẹ́ ìlú mìíràn ló wà, a lè fi wéébìlì ránṣẹ́ láti gáréèjì, tàbí kí a gba ọwọ́ NIPOST tàbí ilé iṣẹ́ akẹ́rù. Ẹ fi ìwé sínú ọ̀rá, kí ẹ fi sáàárín páálí méjì tó ju ìwé náà lọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kí ẹ lẹ páálí méjèèjì mọ́ra wọn láìjẹ́ kí sẹ́lótéèpù kan ọ̀rá, kí ẹ sì tún fi ọ̀rá mìíràn wé e lóde nítorí òjò. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀ kí ẹ tó dì í àti lẹ́yìn tí ẹ dì í tán. Ẹ tọ́jú rìsíìtì títí oníbàárà yóò fi sọ pé ó dé.

Nínú gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí, kò sí èyí tó dára jù fún gbogbo ènìyàn. Ẹni tó ní ìwé kan tó ṣọ̀wọ́n yẹ kó wá ọjà tó gbòòrò. Ẹni tó ní Ikebe Super ogún yẹ kó wá àwọn tó rántí. Ẹni tó ní odidi àkójọ yẹ kó wá ilé ìkàwé. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ló ní láti mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, kí wọ́n sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará Ṣàngó, Ojú-Ọrẹ, Ìjókò àti Ìyànà-Ìyẹsí, bí àpótí ìwé bàbá tàbí ẹ̀gbọ́n yín bá wà nílé, ẹ ṣí i wò kí òjò ọdún yìí tó rọ̀ dáadáa. Ẹ kọ orúkọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ì báà wù yín láti tà á, ì báà wù yín láti tọ́jú rẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́n ní kílò.